"Iṣẹ́ mi ni owó ìfẹ̀yìntì mi": ibi tí ìṣirò yẹn ti yẹ̀

Ẹ bá àwọn tó ní okòwò kékeré sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ogbó, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ: "Kò síbi tówó ti ń pa èrè tó inú iṣẹ́ tí mo mọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Bó bá rẹ̀ mí, màá tà á."

Kì í ṣe irọ́ pátá. Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ bọlẹ̀ nílò gbogbo èrè rẹ̀, mi ò sì rí ọgbọ́n nínú kéèyàn máa ra ìpín ìdókòwò níta, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́ ẹlòmíì, nígbà tí gbèsè elélé gọbọi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, tí wọn ò sì yí ọwọ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká wo èrè yẹn dáadáa. Ká ní owó tó wà nínú iṣẹ́ yín jẹ́ 1,000, tí èrè ọdún sì jẹ́ 150. Ìdá 15 nínú 100 nìyẹn, ó dùn ún gbọ́. Ṣé ẹ ti yọ owó oṣù tiyín kúrò níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ gbà kó máa jí síbẹ̀ láàárọ̀, kó máa tìlẹ̀kùn lálẹ́, tẹ́ ẹ sì ń san 120 fún un lọ́dún, 30 péré ló kù. Ìdá 3 nínú 100 ni owó yín pa. Òógùn yín ló pa ìyókù, òógùn kì í sì í bá èèyàn dé ọjọ́ ogbó.

Títà wá ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ rà á ò ra làálàá àná. Ohun tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ ló ń ra. Bó bá jẹ́ fóònù yín làwọn oníbàárà ń pè, tó jẹ́ inú orí yín nìkan ni orúkọ àwọn tó jẹ yín ní gbèsè wà, tábìlì àti ọjà tó kù lẹ fẹ́ tà yẹn, ní owó àlòkù.

Nígbà tí Enron, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná, wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ti kó owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú ìpín ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ lọ, owó ogbó bá a lọ. Ti oníṣòwò kékeré tún le jù bẹ́ẹ̀, torí báǹkì sábà máa ń ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ṣubú, gbèsè lè bá a dé ilé tó ń gbé.

Owó oṣù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá iye kan fún ara yín, kó máa wọ àkáǹtì tó yàtọ̀ sí ti iṣẹ́. Nínú rẹ̀ lẹ ó ti kọ́kọ́ tọ́jú owó tó lè gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdókòwò ìta kàn, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nínú òwò ọ̀rẹ́ tó ń ta irú ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà o. Ọjọ́ kan náà ni ọjà máa dá gùdẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.