Ibi tí ọwọ́ ń kàn ni ọ̀dà ti ń bó: bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ àwòṣe di ògbó

Ẹni tó bá dúró sí gáréèjì ní Èkó, kó fara balẹ̀ wo dánfó tó ti pẹ́ lójú pópó. Kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni ọ̀dà yẹ́lò ti ń bó. Etí ilẹ̀kùn tí kọ̀ńdọ́ ń gbá mú ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ibi tí èrò ń tẹ̀ wọlé ti di irin lásán. Ẹ̀yìn táyà, níbi tí òkúta ti ń ta lu mọ́dígáàdì, rí ṣáṣá bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà. Ṣùgbọ́n àárín ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kì í kàn, wà bó ṣe wà, oòrùn nìkan ló mú un ṣì.

Irú àkíyèsí yìí ni iṣẹ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ àwòṣe dúró lé. Ọkọ̀ kékeré oníke ni, tí wọ́n ń to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì kùn ún kó lè jọ èyí tó ti rìn nínú òjò àti eruku. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ ogun ni 1/35, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lára àwòṣe dúró fún mìlímítà 35 lára ọkọ̀ gan-an. Kíkun ọ̀dà náà kì í le púpọ̀. Bíbó rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Panzer III ṣe àpẹẹrẹ, táǹkì ogun tí àwọn ọmọ ogun Jámánì kó lọ sí Líbíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941. Ọ̀dà eérú dúdú tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ló wà lára wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Tirípólì. Nínú aṣálẹ̀, irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn bí eṣinṣin lórí ẹ̀kọ funfun. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n lo àwọ̀ tó sún mọ́ ti yanrìn, orí eérú yẹn náà ni wọ́n sì kùn ún lé lára àwọn ọkọ̀ tó ti débẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀dà òkè bá ṣí, eérú ló ń kọ́kọ́ yọ. Ìsàlẹ̀ eérú ni ọ̀dà àkọ́kùn pupa rúsúrúsú tó ń dènà ìdógùn-ún wà, irin wá wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí egbò bá ṣe jìn tó ló ń sọ àwọ̀ tó máa hàn. Ẹni tó bá fi àwọ̀ irin kan ṣoṣo tó gbogbo ara ọkọ̀ yìí ti ṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Oríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti sípíréè irun, oje inú agolo tí wọ́n ń fín sí irun kó má baà tú. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pé bó bá gbẹ, ó máa ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ nǹkan, síbẹ̀ omi lásán lè tú u.

Ẹni tó ń kun àwòṣe náà á kọ́kọ́ fín àwọ̀ eérú sára ọkọ̀. Ọ̀dà tí omi kò lè ràn ló yẹ kó lò, irú èyí tí wọ́n ń fi tínà pò. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi fánísì bò ó kí ó tó tẹ̀ síwájú. Á jẹ́ kó gbẹ dọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni á fín sípíréè irun lé e, fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyẹn bá gbẹ, á wá fín àwọ̀ yanrìn, tí í ṣe ọ̀dà akirílíìkì tó fi omi pò. Tínà tó le kò dára níbí, torí pé ó lè jẹ oje náà kó sì so ọ̀dà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá.

Kò gbọ́dọ̀ sùn lé e. Bí ọ̀dà òkè bá ti gbẹ dé ibi tí a lè fọwọ́ kàn án, á fi búrọ́ọ̀ṣì tó mọ́ fi omi tó ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, á dúró díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle tí wọ́n gé kúrú ra á. Omi á gba inú ọ̀dà tí kò tíì le náà kọjá, á bá oje irun nísàlẹ̀, oje á yọ́, ọ̀dà tó wà lórí rẹ̀ kò ní ní ohun tó máa dì mú mọ́, á sì máa ṣí ní wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Eérú ìsàlẹ̀ kò ní mì, nítorí omi kò lágbára lórí rẹ̀. Fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí nǹkan ha ọkọ̀, igi ìtayín tó. Ẹwà ọgbọ́n yìí ni pé kò sí àwòrán kankan tí ẹnikẹ́ni yà: ọ̀dà bó lóòótọ́, etí egbò náà sì rí wúruwùru bí ó ṣe yẹ.

Ó láwọn ìwà tirẹ̀ o. Bí ọ̀dà òkè bá nípọn jù, omi ò ní wọlé. Bó bá lo ọjọ́ mélòó kan, ó ti le, kìkì ríra ni á máa ra á lásán. Bí omi bá sì pọ̀ jù, ó lè yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà, kí odindi ẹ̀gbẹ́ kan ṣí kúrò bí awọ ejò. Kò sí ẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn, àtúnkùn ni.

Àwọn egbò kéékèèké tó kù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á já fóòmù díẹ̀ kí ojú rẹ̀ má dọ́gba, wọ́n á fi ẹ̀mú mú un, wọ́n á tì í bọ ọ̀dà, wọ́n á sì nù ún sí bébà títí ó fi kù díẹ̀ kí ó gbẹ tán. Ìgbà yẹn ni wọ́n á máa fi kan etí irin fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ti búrọ́ọ̀ṣì ń gba sùúrù jù: wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọ̀ yanrìn tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti ara ọkọ̀ lọ tọ́ sí i, wọ́n á wá fi eérú dúdú kún inú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ náà ṣẹ́ kù létí. Ojú á rò pé ọ̀dà náà ní ìnípọn, pé nǹkan gé e. Irọ́ gbáà ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn ún wò ni.

Ìwọ̀n ló ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Egbò tó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta lára àwòṣe 1/35 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àti ààbọ̀ lára ọkọ̀ gan-an, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ta ló fi kinní lu ọkọ̀ ogun tó bẹ́ẹ̀ ní ogójì ibi? Ó sàn kí wọ́n bi ara wọn léèrè bí ọmọ ogun márùn-ún inú Panzer III ṣe ń gùn ún. Wọ́n ń tẹ mọ́dígáàdì kí wọ́n tó dókè, wọ́n ń di etí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ mú, wọ́n sì ń wọ́ ẹ̀rù kọjá lórí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ibẹ̀ ni bíbó yóò pọ̀ sí. Iwájú tí iyanrìn ń lù nígbà eré náà yóò jìyà, tirẹ̀ á dà bí ohun tí wọ́n fi bébà ìyànrìn fọ̀.

Ní ti ìdógùn-ún, wọ́n máa ń fi iyọ̀ oníhóró ṣe é: wọ́n á kùn ara ọkọ̀ ní àwọ̀ ìdógùn-ún, wọ́n á fi omi lẹ iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fín ọ̀dà lé e, wọ́n á sì gbọn iyọ̀ náà kúrò. Ó dára fún ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n pa tì sí etí òkun. Fún ọkọ̀ Líbíà yìí, àṣejù ni. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní aṣálẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n sì ń lò lójoojúmọ́ kì í ráyè dógùn-ún tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni sáléńsà, torí pé ooru ń jó ọ̀dà rẹ̀ dànù, ó sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú láìpẹ́. Ẹ̀wọ̀n irin tí táǹkì náà fi ń rìn pàápàá ń dógùn-ún bó bá dúró, àmọ́ bó bá ti rìn, ilẹ̀ á bọ́ ojú rẹ̀ padà kí ó máa dán.

Fánísì tí kì í dán ni wọ́n fi ń bo gbogbo rẹ̀, kí ọ̀dà tó ṣẹ́ kù má tún ṣí bí ọwọ́ bá kàn án. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá gbẹ ni wọ́n tó ń mú pẹ́ńsùlù. Wọ́n á họ díẹ̀ lára òjé rẹ̀, wọ́n á fi ìka ra á mọ́ etí ilẹ̀kùn àti ibi tí bàtà ti ń fọn ọ́n, á sì máa kọ mànà bí irin. Bí fánísì bá ṣèèṣì gorí rẹ̀, dídán yẹn á kú.