Bí àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì ṣe ń yan ẹni tí wọ́n máa tà á fún

Ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì wọ ọjà Atakúnmọ́sà n'Iléṣà tó ní gbogbo ẹni tóun bá ṣáà ti pàdé lòun máa tà á fún, ó lè rìn dalẹ́ kó má rí ẹyọ ẹnì kan mú, torí ìnṣọ́ránsì kì í ṣe gàrí, kò sẹ́ni tébi ẹ̀ ń pa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú, wọ́n á wá máa wo ohun tó ń já àwọn yẹn láyà àti ìgbà tówó máa ń wọlé fún wọn kí wọ́n tó lanu rárá.

Ti àwọn tó ní mọ́tò ò le, torí òfin ti sọ ìnṣọ́ránsì mọ́tò tí wọ́n ń pè ní third party di dandan, January 2023 sì ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, gbé owó ti mọ́tò àdáni kúrò ní 5,000 náírà lọ sí 15,000. Ọ̀pọ̀ ń rà á kí ọlọ́pàá má bàa dá wọn dúró ni. Ẹ́jẹ́ǹtì tó gbọ́n ò ní máa ṣàlàyé òfin fún wọn mọ́, ó máa sọ fún wọn pé mọ́tò ẹni tí wọ́n kọ lù ni third party máa bá wọn tún ṣe, kò kan tiwọn, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ṣì tuntun ló máa wá béèrè pé èwo ló wá kan tòun.

Àwọn olóko kòkó ló ń da ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì láàmú. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá lọ bá wọn ní July nínú òjò, owó oògùn tí wọ́n máa fín sí kòkó ni wọ́n ń wá kiri nígbà yẹn, October sí December tí wọ́n ń ká a tí wọ́n ń tà á ló yẹ kó lọ. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ ò ní irú wàhálà yìí o, wọ́n á kó aṣọ fún èèyàn láwìn, tó bá yá wọ́n á padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí tó fi máa sanwó. Ìnṣọ́ránsì ò ṣe é tà báyẹn, láti 2013 ni NAICOM ti fọwọ́ líle mú un pé ẹni tí ò bá tíì sanwó, kò sí ìnṣọ́ránsì fún un.

Ti àwọn tó ń gbowó oṣù tún yàtọ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ní kí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún wọn, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n ń gbà lọ́dún, nítorí náà kí ni ẹ́jẹ́ǹtì ń lé òṣìṣẹ́ kiri fún, ọ̀gá tó ń sanwó ni kó wá lọ.

Ọjà lọ̀rọ̀ ti dùn jù. Aláṣọ kan ò ní dá ẹ́jẹ́ǹtì tí ò mọ̀ rí lóhùn, àmọ́ bí ìyálọ́jà bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nípàdé, wọ́n á gbọ́. Gbígbọ́ yẹn náà ò tíì di rírà, ohun tó ń tà á gan-an ni ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan nínú wọn bá jóná tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sanwó fún un kíá, kò sí ìpolówó rédíò tó lè ṣe irú ẹ̀, tí wọ́n bá sì fi owó yẹn falẹ̀, gbogbo ọjà ló máa gbọ́ ìyẹn náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tí wáyà iná ṣọ́ọ̀bù wọn ti bà jẹ́ ló máa ń tètè sanwó, àwọn tọ́kàn wọn balẹ̀ á ní àwọn ń bọ̀, bó bá sì lọ bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọlé ò ní ká èyí tó ń jáde. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ fi máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́ pọ̀, kí owó tí kálukú máa san sì wálẹ̀. Àmọ́ ìlà ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀ ọ́ pọ̀ lè jóná pọ̀ lóru ọjọ́ kan, nítorí náà iléeṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ á tún lọ ra ìnṣọ́ránsì lórí èyí tó tà, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíì tí iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa bá àwọn oníìnṣọ́ránsì gbé lára ẹrù lọ.