Bí Tíátà Àpérò Ṣe Ń Ṣiṣẹ́: Àpẹẹrẹ Láti Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn bá ya àwọ̀n apẹja nínú ọ̀sà, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń gbà. Àwọn ọ̀dọ́ lè kó igi dání lọ dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró. Apẹja lè gba kóòtù lọ. Àwọn àgbà sì lè pè é jókòó, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀nà kìíní lè ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ń jẹ owó àti ọdún, bẹ́ẹ̀ a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta ló wu ọ̀pọ̀ èèyàn jù, àmọ́ ó ní àbùkù kan tó yẹ ká sọ síta: ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó ní sùúrù, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó àwọ̀n tó ya. Irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tú ká.

Tíátà àpérò jẹ́ ọ̀nà kẹrin. Eré ni, ṣùgbọ́n àwọn olùwòran ló máa ń dá a dúró, tí wọ́n á sì bọ́ sójú agbo láti yí i padà. Augusto Boal, olùdarí eré orí ìtàgé ọmọ ilẹ̀ Brazil tó gbé ayé láti 1931 sí 2009, ló gbé e kalẹ̀. Ìjọba ológun Brazil mú un ní 1971, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó sì di èrò Argentina. Ní 1973 ó bá ètò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan ṣiṣẹ́ ní Peru, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ti ṣẹlẹ̀: obìnrin kan nínú èrò dábàá ohun tó yẹ kí ẹ̀dá inú eré ṣe, àwọn òṣèré gbìyànjú rẹ̀ títí, wọn kò ṣe é bó ṣe wà lọ́kàn obìnrin náà, ni ó bá bínú dìde, ó gun orí ìtàgé, ó sì ṣe é fúnra rẹ̀. Láti ara ohun tí obìnrin yẹn ṣe ni Boal ti rí i pé ó yẹ kí olùwòran fúnra rẹ̀ lè bọ́ sórí ìtàgé. Ní Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní Ahmadu Bello University, Zaria, ti ń bá àwọn ará abúlé ṣe eré lórí ìṣòro abúlé wọn láti ìparí àwọn ọdún 1970.

Ká wá fi ìlú Ẹ̀pẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ẹja ti jẹ́ oúnjẹ àti owó ọ̀pọ̀ ilé. Ohun àkọ́kọ́ ni mímọ ẹni tó yẹ kó pe ìpàdé. Apá méjì ni Ẹ̀pẹ́ ní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn bá Ọba Kòsọ́kọ́ dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní ìparí 1851. Apá kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀ àti ọdún tirẹ̀. Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Káyó-káyó, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Ebì. Bí a bá gbé eré kalẹ̀ ní apá kan láìfi tó apá kejì létí, eré tí a fẹ́ fi parí ìjà lè di orísun ìjà mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́: àwọn apẹja lọ́tọ̀, àwọn obìnrin tó ń ra ẹja létí omi lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa yanrìn lọ́tọ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn náà gbọ́dọ̀ sọ tẹnu wọn, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìtàn púpọ̀ ni a ó ti hun ìtàn kan ṣoṣo, débi pé kò ní sí ẹni tó lè nàka sí aládùúgbò rẹ̀ pé òun ni eré ń bú.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ti hàn jù ni ère tí a fi ara ènìyàn ṣe. Nínú ilé Yorùbá, ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn ní gbangba, nítorí náà bí a bá kàn sọ pé kí gbogbo èèyàn “la ẹnu sọ tinú wọn,” àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa sọ ọ́ lọ. Boal kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ẹni kan mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tún apá, ojú àti ìdúró wọn ṣe bí ẹni tó ń gbẹ́ igi, kí wọ́n sì dúró gbagidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè sọ ọ́ láéláé lójú baálẹ̀ lè gbé ère àgbà kan kalẹ̀ tó kẹ̀yìn sí apẹja, tó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀gá oníyanrìn. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ ohun tó ń sọ. Ère kò sọ̀rọ̀, kò sì rí àgbà fín. Atọ́kùn á wá bèèrè pé, “Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí?” Àwọn èèyàn á tún ère náà tò, ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn tó nítumọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ẹnì kan pè ní àlàáfíà lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lójú ẹlòmíràn.

Láti inú ère ni eré ti ń jáde. Kì í gùn ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì gbọ́dọ̀ parí síbi tó burú: àwọ̀n ya, apẹja lọ bá oníyanrìn, wọ́n lé e, ó lọ bá àgbà, wọ́n ní kó gbàgbé, ìyàwó rẹ̀ padà délé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Bí eré bá parí sí rere, àwọn olùwòran á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì lọ sílé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pàápàá nígbà tí ẹni tó san owó eré bá fẹ́ kí ìkìlọ̀ tòun jáde ní ìparí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún eré náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè pariwo pé “Ẹ dúró!” kó sì bọ́ sójú agbo láti gba ipò apẹja tàbí ìyàwó rẹ̀. Ipò oníyanrìn kò ṣeé gbà. Ìdí ni pé kò ṣòro láti sọ aninilára di ènìyàn rere lórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, bó ṣe wà ni yóò wà. Àwọn òṣèré tó kù á máa ta ko ẹni tó wọlé bí wọn yóò ṣe ta ko ó ní òótọ́. Bí obìnrin kan bá ní òun yóò kó gbogbo àwọn ẹlẹ́ja jọ kí wọ́n má ta ẹja fún ọmọ iṣẹ́ oníyanrìn, òṣèré á bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí wọn yóò jẹ lọ́sẹ̀ náà. Bí ìdáhùn ẹnì kan bá rọrùn jù, èrò fúnra wọn ni yóò sọ pé idán ni.

Atọ́kùn ló ń darí gbogbo èyí. Boal pe ẹni náà ní Curinga, orúkọ káàdì inú ayò tí kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀: “Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbí? Ta ni yóò pàdánù? Ta ló tún ní ọ̀nà mìíràn?” Kò gbọ́dọ̀ dájọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó lóhùn jù gba agbo. Òun náà ni yóò mọ ìgbà tí kò yẹ kí eré wáyé rárá. Bí ọgbẹ́ bá ṣì tutù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú, eré lè dá iná sílẹ̀.

Ewu wà fún àwọn òṣèré pẹ̀lú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin, àmọ́ ní 1964 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde nítorí eré rẹ̀ kan tó kan ìṣèlú. Ìdí nìyí tí a fi ń fi tó ọba, baálẹ̀ àti ọlọ́pàá létí ṣáájú, láìgbé ọ̀rọ̀ inú eré fún ẹnikẹ́ni láti gé kúrú.

Bí eré bá parí, akọ̀wé á ka àwọn àbá tí èrò fara mọ́, ìtàkùrọ̀sọ á sì tẹ̀ lé e lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, oníyanrìn àti aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Boal jẹ́ mẹ́ńbà ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro láàárín 1993 sí 1996, irú àbá báyìí ló gbé wọ ilé ìgbìmọ̀, mẹ́tàlá nínú wọn sì di òfin. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó jẹ́ aáwọ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn ṣeé gbé lọ sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí ìlàjà ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tó kan ìwé àṣẹ fífa yanrìn ga ju ìlàjà lọ, ọ̀dọ̀ ìjọba ni yóò lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹgbẹ́ náà á padà sí etí ọ̀sà kan náà. Atọ́kùn á kọ́kọ́ ka ìlérí tí oníkálùkù ṣe, lójú àwọn tó ṣe é, kí wọ́n tó tún eré bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọ̀n ti ya.