Ìtàn ìdílé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kú nínú iná Iroquois Theatre

Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903 ni iná sọ ní Iroquois Theatre, ilé eré ìtàgé kan ní ìlú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iye òkú tí wọ́n sábà máa ń kà jẹ́ 602. Nígbà náà, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ló wà lórí oyè ní Ọ̀yọ́, ìta gbangba sì ni àwọn alárìnjò ibẹ̀ ti ń ṣeré. Ní Chicago lọ́jọ́ iná yìí, àsìkò ìsinmi Kérésìmesì ni, eré ọ̀sán sì ni, nítorí náà obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn òǹwòran, àwọn òbí kan sì pàdánù ju ọmọ kan lọ lọ́jọ́ náà.

Iná ta láti ara àtùpà mànàmáná kan sí aṣọ ìkélé orí ìtàgé. Ìkélé ńlá tó yẹ kó dínà iná há, kò sọ̀kalẹ̀ tán. Aṣọ bo àwọn ilẹ̀kùn àbájáde kan, ìdè tí èrò kò mọ bí a ti ń ṣí wà lára òmíràn, wọ́n sì ti fi géètì irin ti àtẹ̀gùn pa kí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú lókè má baà sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó níbi olówó gọbọi. Òkè yìí ni òkú ti pọ̀ jù. Wọ́n ti polówó ilé náà pé iná kò lè jó o. Ògiri rẹ̀ kò kúkú wó.

Òrùka, aago àti aṣọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi dá òkú wọn mọ̀. Fún ẹni tó ń wá ìtàn ìdílé, ibi tó ta kókó ni pé orúkọ ọkọ ni wọ́n fi ń kọ abilékọ sílẹ̀, débi pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó jókòó pọ̀ lè dà bí àjèjì síra wọn nínú àkọsílẹ̀ òkú, àfi bí olùwádìí bá lọ wo ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkànìyàn ọdún 1900 àti àkọsílẹ̀ itẹ́ òkú láti rí orúkọ bàbá wọn. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, oríkì orílẹ̀ kì í yí padà nítorí ọkọ: ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó lọ sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń kì, bó bá jẹ́ ọmọ Òpómúléró, ọmọ Òpómúléró ni títí wọn yóò fi sin ín. Oríkì kì í sábà sọ ọjọ́ àti ọdún ikú ní tirẹ̀, ohun tí ìwé Chicago sì ní nìyẹn.