Kì í ṣe "of" ni O' inú O'Brien

Orúkọ ìdílé bíi O'Brien àti O'Sullivan máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní "of" èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gé kúrú, bí wọ́n ṣe gé e nínú "o'clock". Kọ́mà tí wọ́n gbé sókè yẹn ló fa gbogbo wàhálà. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ló fi í síbẹ̀.

Èdè ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ló ni orúkọ náà, Ó Briain ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Àmì orí Ó yẹn jọ àmì ohùn òkè tiwa gẹ́lẹ́, àmọ́ fífa ohùn gùn ni iṣẹ́ tirẹ̀. "Ua" ni wọ́n ń kọ láyé àtijọ́, ìyẹn ọmọ-ọmọ lọ́kùnrin. Nígbà tó yá, ó di àrọ́mọdọ́mọ. Brian tí wọ́n ń dárúkọ yìí ni Brian Boru, ọba tó kú nígbà ogun Clontarf lọ́dún 1014. Mac tó máa ń ṣíwájú àwọn orúkọ ìdílé mìíràn ní tirẹ̀ ni ọmọkùnrin. (Mc kàn jẹ́ ìgékúrú Mac ni o, irọ́ ni pé ọ̀kan jẹ́ ti Skọ́tlándì, èkejì ti Írẹ́lándì.)

Ká ní "of" ni, orúkọ obìnrin kò ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní èdè wọn, ọmọbìnrin ilé Ó Briain ń jẹ́ Ní Bhriain, ìyàwó ilé náà ń jẹ́ Bean Uí Bhriain. Obìnrin kì í ṣe ọmọ-ọmọ lọ́kùnrin, kí ló fẹ́ fi Ó ṣe?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló sọ Ó nù nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wọn. Lẹ́yìn ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge lọ́dún 1893, tó ń jà fún èdè wọn, àwọn kan gbé e padà. Murphy kò gbà á padà ní ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ó Murchadha ni: àrọ́mọdọ́mọ jagunjagun òkun.

Ní May 2011, Barack Obama, tí baba ńlá ìyá rẹ̀ kan fi abúlé Moneygall ní Írẹ́lándì sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1850, fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní Dublin pé òun wá wá kọ́mà orúkọ òun tó sọnù sójú ọ̀nà. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó lọ béèrè rẹ̀.