Omi Ń Dínkù Nínú Rédíétọ̀, Ilẹ̀ Sì Gbẹ: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tó Ń Jò Lára Camry Àtijọ́

Ọkọ̀ kì í mu omi bó ṣe ń mu epo. Omi inú rédíétọ̀ ń yí ẹ́ńjìnnì po, ó ń kó ooru rẹ̀ jáde, ó sì ń padà síbi tó ti wá. Bó bá di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń bu omi sí i, ibì kan ló ń gbà jáde, bí ilẹ̀ ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí tilẹ̀ gbẹ táútáú. Èyí tó ń kán sílẹ̀ kò le, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò rí i. Èyí tó ń gbẹ kó tó kan ilẹ̀ ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, torí ìgbà tí gééjì ooru bá ti dé H (gbígbóná) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀.

Camry ẹ́ńjìnnì 2.4 la ó fi ṣàlàyé, ìyẹn Big Daddy, 2002 sí 2006, àti Muscle ti 2007 sí 2009. Ó pọ̀ lójú pópó wa, ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE tó wà nínú wọn sì ní ibì kan tó máa ń jò tí ojú kì í tètè tó. Ọ̀nà tí a fi ń wá a kò yàtọ̀ lára ọkọ̀ mìíràn.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo ohun tó wà nínú rédíétọ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán ni, kò ní rọrùn láti rí ibi tó ń jò, torí omi lásán lè gbẹ lórí irin gbígbóná láìfi nǹkan kan tó ṣe é rí sílẹ̀. Kúláǹtì, ìyẹn omi olóògùn tí a ń dà sí rédíétọ̀, yàtọ̀: pupa tí Toyota ń lò máa ń fi èérún funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀, bí iyọ̀ tó gbẹ sétí ìkòkò. Òun náà ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ omi A/C yàtọ̀. Omi A/C mọ́, kò rùn, kò sì yọ̀ lọ́wọ́. Kúláǹtì ní àwọ̀, ó ń yọ̀ láàárín ìka, òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò o, májèlé ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá dé ìdí rẹ̀. Àwọn kan a máa ní kúláǹtì kò wúlò níbi tí omi kì í ti í di yìnyín. Irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni pé kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ohun tó ń lọ. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ẹ lẹ téèpù mọ́ ike kékeré tí omi rédíétọ̀ máa ń sá lọ, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Ẹ tún un wò lọ́jọ́ keje. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ gan-an wò pẹ̀lú, nítorí ike lè kún kí rédíétọ̀ ṣófo: bí róbà ìdérí bá ti kú, omi tó lọ sínú ike nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná kò ní lè padà nígbà tó bá tutù. Ẹ má ṣí i ní gbígbóná láéláé. Prẹ́ṣọ̀ ni kì í jẹ́ kí omi tó ti kọjá 100°C hó. Bí ẹ bá ṣí i, yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì tú sí yín lójú. Orí ìdérí náà ni wọ́n kọ iye prẹ́ṣọ̀ tó ń dì mú sí, bíi 1.1 tàbí 0.9. Ẹ ra èyí tó bá ìwé ọkọ̀ yín mu. Nínú gbogbo ohun tí a ó dárúkọ, òun lowó rẹ̀ kéré jù, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ kì í fojú lásán wá ibi tó ń jò. Yóò ní pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní gééjì, èyí tí a ń dè mọ́ ẹnu rédíétọ̀ dípò ìdérí. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ kún. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fọn atẹ́gùn sí i dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí. Ẹ má kọjá ibẹ̀, torí rédíétọ̀ àtijọ́ tó ní orí oníke lè là. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí gééjì kò bá mì, iṣẹ́ kò tíì parí: irin máa ń sún kì nígbà tó bá tutù, ó sì máa ń fẹ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí náà ibì kan lè máa jò lóru nìkan, òmíràn sì lè jẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn nìkan. Ẹ fi pọ́ǹpù náà sílẹ̀ mọ́jú, tàbí kí ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bí gééjì bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì àti díńgí kékeré. Ẹ wo ibi tí ike rédíétọ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù rẹ̀, ẹ wo ìdí họ́ọ̀sì tòkè àti tìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì iwájú lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá tutù tó sì ń yọ̀, tí gíláàsì iwájú sì ń ṣú, rédíétọ̀ kékeré ti hítà ló ń jò. Lábẹ́ pọ́ǹpù omi, ihò kékeré kan wà tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn dá sí i. Bí síìlì inú bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù dí i, torí omi yóò wọ inú bérìn, pọ́ǹpù yóò sì gan. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù náà. Ṣéènì táímìn inú ló ń darí ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́líìtì ìta ló sì ń yí pọ́ǹpù, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò kan táímìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó táímìn lọ́wọ́ yín.

Ibi tó nira jù ló kù. Hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì yìí, ìyẹn orí rẹ̀, jókòó lé búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú bóòtì mẹ́wàá, alumíníọ̀mù sì ni búlọ́ọ̀kù náà. Pẹ̀lú ọdún tó ń gorí ọdún, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù rí, eyín inú ihò bóòtì tẹ̀yìn (ìlà tí bóòtì ń lọ́ mọ́), níhà ògiri tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, máa ń já. Bóòtì kò ní lè fa hẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ mọ́, omi yóò sì máa ṣẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn, yóò kán sórí irin gbígbóná, yóò sì gbẹ. Òórùn dídùn lẹ́yìn tí ẹ bá páàkì àti èérún funfun lára ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù ni ẹ ó rí. Díńgí nìkan ló ń débẹ̀.

Kò sí oògùn rẹ̀ nínú mímú sípánà. Bóòtì tó ti já eyín, bí ẹ bá ń fún un, ńṣe ni yóò kàn máa yí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, èyí tó wà láàárín hẹ́ẹ̀dì àti búlọ́ọ̀kù, nìkan kò tó, torí yóò tún jò láìpẹ́. Hẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ṣí. Bí alumíníọ̀mù bá lọ́ mọ́ ara bóòtì bíi síprín-ìn nígbà tí ẹ yọ ọ́, ó dájú pé eyín ihò náà ti já. Wọn yóò lu ihò náà gbòòrò pẹ̀lú ohun ìdarí tí kò jẹ́ kí dírììlì yẹ̀, wọn yóò gé eyín tuntun, wọn yóò sì dé páìpù irin kúkurú tó ní eyín sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní thread insert. Kí wọ́n ṣe gbogbo mẹ́wàá, kì í ṣe èyí tó já nìkan, kí wọ́n fi irin gbọọrọ wo bí hẹ́ẹ̀dì ṣe tẹ́jú sí, kí wọ́n sì lo bóòtì tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ dípò èyí ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, àìsàn kan náà lè wà lára rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ka owó.

Bí prẹ́ṣọ̀ bá ń dínkù tí kò sí ibi tó tutù, inú ló ń lọ. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì: ibi tí omi ń wọ̀, orí písítìnì máa ń mọ́ ju tàwọn yòókù lọ. Omi àyẹ̀wò aláwọ̀ búlúù tí a ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀ yóò di yẹ́lò bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi. Bí omi rédíétọ̀ bá dà bíi mílíìkì aláwọ̀ osùn, ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́. Ibi tí rédíétọ̀ ti ń tutù ọ́ìlì gíà ló là, gíà náà sì wà nínú ewu.

Ìyẹ̀fun tó ń dí ibi tó ń jò? Ó lè gbé yín délé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tín-ín-rín inú rédíétọ̀ àti hítà náà ló ń dí. Yíyọ thermostat, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kúrò kò tún ohun tó ń jò ṣe, gééjì ooru nìkan ló ń tàn jẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń dá omi padà, ẹ rántí pé bíi lítà mẹ́fà ni àyè rẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde: díẹ̀ máa ń kù nínú búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ da lítà mẹ́ta kúláǹtì tí a kò tíì lú sínú rẹ̀, kí ẹ tó fi omi bátìrì kún un. Omi o, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ má da àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ pupa, wọ́n lè dì. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ ṣí hítà dé gbígbóná jù, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, kí ẹ sì máa tẹ họ́ọ̀sì tòkè títí bọ́bùlù kò fi ní jáde mọ́, tí fáànù á ṣiṣẹ́, tó á sì dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ lẹ téèpù tuntun.