Ohun tó ń sọ ìdíje di líìgì: ọ̀rọ̀ The Combination, 1888 sí 1889

Tí wọ́n bá ti dárúkọ líìgì, àtẹ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn: ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni àtẹ ń dé. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó lágbára láti fìyà jẹ ẹgbẹ́ tó bá yẹ̀ ẹ́. Láyé Ọbabìnrin Victoria, ìdíje kan wà ní ilẹ̀ England tó fẹ́ jẹ́ líìgì láìní èyíkéyìí nínú méjèèjì. The Combination ni wọ́n pè é. Kò lò ju sáà kan lọ.

Kí 1888 tó dé, ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń gbà rí ẹni bá gbá. Àkọ́kọ́ ni ìdíje ife, irú Ife FA tí Football Association (FA), àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, bẹ̀rẹ̀ ní 1871. Ìkejì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, tí àkọ̀wé ẹgbẹ́ kan máa ń fi lẹ́tà bá àkọ̀wé ẹgbẹ́ kejì ṣe àdéhùn lé lórí. Àwọn méjèèjì máa ń forí gbárí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dilẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí òfin 1850 ló ní kí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ máa ṣíwọ́ ní aago méjì lọ́jọ́ náà. Tí ẹgbẹ́ kan bá ta ọ̀mì nínú ìdíje ife, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sábà máa ń tún un gbá, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ṣèlérí fún yóò sì rí lẹ́tà gbà pé kí wọ́n má bínú. Àwọn èrò tó ti múra àtiwòran yóò wábi gbà.

Fún ẹgbẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í gbowó, ìrọ̀lẹ́ kan ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní ogúnjọ́ oṣù Keje 1885, FA gbà kí ẹgbẹ́ máa san owó fún agbábọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, owó ìwọlé sì ni wọ́n fi ń san án. Sátidé tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, gbèsè ni.

Ìdí nìyí tí William McGregor ti ẹgbẹ́ Aston Villa, oníṣòwò aṣọ ní Birmingham, fi kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1888. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin, wọ́n ti dá Football League sílẹ̀ ní Manchester pẹ̀lú ẹgbẹ́ 12. Wọn kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò ló sì fà á. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá máa pàdé nílé àti lóko, ẹ mú iye ẹgbẹ́, ẹ fi iye náà tó dín ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀: 12 lọ́nà 11 jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 132. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbá 22. Ìyẹn gba inú àwọn Sátidé sáà kan, àyè á sì ṣẹ́ kù fún ìdíje ife.

Àwọn tí kò ráyè wọlé ló pọ̀ nínú The Combination. Ogún ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ: Newton Heath (tó di Manchester United lẹ́yìn náà) wà níbẹ̀, Small Heath (tó di Birmingham City), Crewe Alexandra, Grimsby Town, Lincoln City, Bootle, Darwen àti Blackburn Olympic. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe: 20 lọ́nà 19 jẹ́ 380, ìyẹn 38 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iye tí Premier League ń gbá lónìí gan-an nìyẹn, àwọn yẹn sì ní iná mànàmáná lórí pápá àti alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Èyí kò tíì di àṣà ní 1888. Wọ́n wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan díẹ̀ nínú àwọn ìyókù láti bá gbá, kí wọ́n fúnra wọn sì bára wọn dá ọjọ́.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá yan àwọn tó rọrùn, tí èkejì yan àwọn tó le, kí ni ẹ ó fi wọn wéra? Ẹni tó gbá mẹ́wàá àti ẹni tó gbá mẹ́fà kò ṣeé tò sórí àtẹ kan náà. Èyí tó burú jù, lójú tiwa, ni pé lẹ́tà ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ àtijọ́ náà ni wọ́n tún padà sí, orúkọ nìkan ló yí. Bí Preston North End, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ 12 Football League, bá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù, owó ìwọlé ọjọ́ náà yóò ju ti ẹgbẹ́ The Combination èyíkéyìí lọ, kò sì sí aláṣẹ tó máa bi ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ Preston léèrè. Ní oṣù Kẹrin 1889, wọ́n ṣèpàdé ní Crewe, wọ́n tú u ká. Kò sí ẹni tó gba ipò kìíní, nítorí kò sí àtẹ tí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n.

Football League náà kò mọ gbogbo nǹkan tán nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1888, tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ láti oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n tó fẹnu kò pé àmì méjì ni fún ẹni tó borí, ẹyọ kan fún ọ̀mì. Àmọ́ ìgbìmọ̀ wà tó lè pàṣẹ. Ní 1890, Sunderland lo asọ́lé kan, Ned Doig, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ̀wé bó ṣe yẹ. Wọ́n yọ àmì méjì lára wọn, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e.

Ti Blackburn Olympic ló dunni jù. Ní 1883, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ yìí fi àmì ayò 2 sí 1 na Old Etonians, àwọn ọmọ ọlọ́lá tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Eton, láti gba Ife FA. Nígbà tó di 1889, owó tán. Wọ́n ní àwọn kò ní sanwó fún agbábọ́ọ̀lù mọ́, kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n palẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù dára pọ̀ mọ́ Football Alliance ní 1889. Ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22, nílé àti lóko, bíi ti Football League gẹ́lẹ́. The Wednesday ti Sheffield ló kọ́kọ́ gbà á, Stoke tẹ̀ lé e, Nottingham Forest sì gba ti 1892. Lọ́dún yẹn ni Football League gbé wọn wọlé, tó fi ní ìpele kejì. Small Heath ló sì kọ́kọ́ gba ipò kìíní níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń yẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ wò: The Combination mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní 1890, ó sì lò tó ogún ọdún. Tí ẹ bá rí orúkọ náà lẹ́yìn oṣù Kẹrin 1889, kì í ṣe èyí tí a ń sọ.